Ta Ni “Wọ́n” Tí Ó Ń Mú Iná Wá? Ìtàn Wáyà Iná Ọba ní Ilẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀, 1968–2023

1. Ìbéèrè iṣẹ́ yìí

Bí iná ilé bá kú lójijì, gbólóhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọmọ Yorùbá ni “Wọ́n ti mú iná lọ.” Bí ó bá padà dé, a ó ní “Wọ́n ti mú iná wá.” Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ “wọ́n” yìí dáadáa. Arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ọ̀pọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni tí a ti dárúkọ ṣáájú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni “wọ́n ní” tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn tí a kò mọ orísun rẹ̀, àti “wọ́n jí owó mi” tí kò sọ ẹni tí ó jí i. Olùṣe wà níbẹ̀, àmọ́ a kò mọ̀ ọ́n, tàbí a kò rí i, tàbí ọwọ́ wa kò tó o láti bi í léèrè.

Iṣẹ́ ìtàn ni iṣẹ́ yìí, kì í ṣe iṣẹ́ gírámà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni láti fi orúkọ àti ọdún sí ipò “wọ́n” yẹn ní apá kan ilẹ̀ Yorùbá tí ó wà ní Benin: láti Sakété àti Pobè lọ sí Kétu, títí dé Ṣábẹ̀. Èrò tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn kò le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé iná pẹ́ kí ó tó dé àwọn abúlé wa nítorí pé abúlé jìnnà, tálákà sì ni àwọn ará ibẹ̀. Òtítọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n kò tó. Bí a bá tẹ̀lé ìtàn wáyà náà láti ọdún 1968, a ó rí i pé ẹni tí ó ń pèsè iná, ẹni tí ó ń gbé e gba ọ̀nà jíjìn àti ẹni tí ó ń pín in sí ilé kì í ṣe ẹnì kan náà, àti pé nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí a dá sílẹ̀ nítorí abúlé títí di ọdún 2004. Wáyà dé ilẹ̀ wa nítorí ilé-iṣẹ́ ńlá àti nítorí ààlà. Abúlé kàn wà ní ojú ọ̀nà ni.

2. Ilẹ̀ náà

Ilẹ̀ tí à ń wí yìí gùn láti ẹ̀yìn Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, lọ sí òkè. Odò Ouémé wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ààlà Nàìjíríà wà ní ìlà oòrùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà náà. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ti ilẹ̀-ọba Kétu, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá ní tirẹ̀ pín sí méjì. Àwọn ènìyàn kan náà, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, wá di ọmọ abẹ́ ìjọba méjì. Nígbà tí ó yá, wọ́n di oníbàárà ilé-iṣẹ́ iná méjì. Kódà sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yàtọ̀: ti Nàìjíríà jẹ́ oníhò mẹ́ta bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Benin jẹ́ oníhò róbótó méjì bíi ti Faransé, bẹ́ẹ̀ sì ni irú iná kan náà ni ó ń gba inú méjèèjì kọjá.

Kí iná tó dé, ọ̀nà reluwé ti kọ́kọ́ fi irú ètò yìí hàn. Reluwé tí ó ti Kútọnu bọ̀ dé Ṣábẹ̀ ní 1911, ó sì tẹ̀síwájú dé Parakou lẹ́yìn náà. Òmíràn ti Àjàṣẹ́ lọ sí Sakété àti Pobè. Kétu, olú ìlú àtijọ́, kò ní ọ̀kankan. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: iṣẹ́ reluwé náà ni láti kó epo, èkùrọ́ àti òwú lọ sí etí òkun. Kò sí ẹni tí ó bèèrè pé ìlú wo ni ó ti pẹ́ jù tàbí ìlú wo ni ènìyàn ti pọ̀. Ohun tí a ó kó jáde ni ó pinnu ibi tí irin yóò gbà.

Ilẹ̀ yìí kò dúró lójú kan. Ẹkùn Plateau, tí Sakété, Pobè, Kétu, Ifangni àti Adja-Ouèrè wà nínú rẹ̀, ní ènìyàn tí ó lé díẹ̀ ní 400,000 nígbà ìkànìyàn 2002. Nígbà ìkànìyàn 2013, wọ́n ti lé ní 620,000. Èyí túmọ̀ sí pé láàárín ọdún 11, ènìyàn méjì di mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìlọgàrí, ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ìsọ̀ ẹni tí ń jó irin àti ti ẹni tí ń ta omi tútù: gbogbo wọn ń pọ̀ sí i, gbogbo wọn ni ó sì ń fẹ́ iná.

3. 1968: a ya ìpèsè iná kúrò lára pípín in

Ṣáájú 1968, ẹ̀rọ tí ń jó epo ni ó ń pèsè iná ní Dàhọ̀mì, iná náà kò sì jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ wà. Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ni ó jẹ nínú rẹ̀ jù. Bákan náà ni ó rí ní Tógò. Orílẹ̀-èdè kékeré méjì ni wọ́n, tí wọn kò ní èédú, tí owó epo sì ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje 1968, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó dá Communauté Électrique du Bénin, CEB, sílẹ̀. Lomé ni ibùjókòó rẹ̀ wà. “Bénin” inú orúkọ náà kì í ṣe orúkọ orílẹ̀-èdè, nítorí pé ọdún 1975 ni Dàhọ̀mì tó di Benin. Àdéhùn náà fún CEB nìkan ní ẹ̀tọ́ láti pèsè iná, láti gbé e gba ọ̀nà jíjìn, àti láti rà á láti òkèèrè, fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Iṣẹ́ pípín iná sí ilé àti ìsọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Tógò wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ CEET. Ti Dàhọ̀mì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kan títí ìjọba fi gbà á ní 1973. Ilé-iṣẹ́ tí ìjọba gbà yìí ni ó di SBEE, tí ó ń pín iná àti omi pọ̀ títí a fi ya omi kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000.

Ibi yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Oníbàárà CEB ni CEET, SBEE, àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá díẹ̀ tí ń ra iná lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà. Ará abúlé kì í ṣe oníbàárà CEB, kò sì lè jẹ́ ẹ. Bí ó bá fẹ́ iná, SBEE ni yóò tọ̀ lọ. SBEE ní tirẹ̀ kò lè pinnu ibi tí wáyà ńlá yóò gbà. Bí CEB bá la igbó kọjá, kò jẹ abúlé inú igbó náà ní nǹkan kan. Bí SBEE kò bá dé abúlé náà, ó lè ní owó kò tó. Ẹnìkan kò ṣẹ̀, síbẹ̀ òkùnkùn wà. “Wọ́n” ti di ọ̀pọ̀ lóòótọ́.

4. Omi Volta, omi Mono

CEB kò ní ilé ìpèsè iná ńlá kankan nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Gánà ni ó kọjú sí. Ìsédò Akosombo lórí odò Volta, tí Nkrumah ṣí ní oṣù kìíní 1966, ti ń pèsè iná púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ alumíníọ́mù Valco ní Tema ni ó ń gba apá tí ó pọ̀ jù. Gánà gbà láti ta díẹ̀ fún àwọn ará ìlà oòrùn rẹ̀, wáyà oní-161,000 fóòtì sì ti Akosombo gba Lomé wá sí Kútọnu. Ní oṣù Kejìlá 1972 ni iná Volta bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ CEB.

Ìgbésẹ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Iná omi Volta dín owó epo kù, kò sì béèrè pé kí Dàhọ̀mì kọ́ ohunkóhun ju wáyà àti ibùdó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá so mọ́ omi, ọ̀dá lè tú u. Ní 1983 àti 1984, òjò kò rọ̀ tó ní agbègbè Volta. Omi Akosombo fà sẹ́yìn, Gánà sì dín iná tí ó ń tà kù. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1998, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní 2006 sí 2007. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni Kútọnu àti Lomé wọ òkùnkùn nítorí òjò tí kò rọ̀ ní àríwá Gánà àti ní Burkina Faso.

Ìdáhùn CEB ni ìsédò Nangbéto lórí odò Mono, ní Tógò, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65. Nangbéto kò jìnnà sí Atakpamé, ní agbègbè tí àwọn Ifẹ̀ Tógò, tí àwọn mìíràn ń pè ní Àná, ń gbé. Yorùbá ni èdè wọn, nítorí náà ìtàn ìsédò yìí kan àwọn òǹkàwé ìwé yìí ju bí a ti máa ń rò lọ. Nǹkan bí 10,000 ènìyàn, nínú onírúurú ẹ̀yà tí ń gbé ibẹ̀, ni ó fi ilé àti oko sílẹ̀ kí omi adágún náà lè rí àyè. Iná tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó lọ wọ inú wáyà CEB, ó sì gba inú rẹ̀ lọ sí ibi tí oníbàárà wà, ìyẹn ìlú ńlá etí òkun àti ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ àti ẹni tí ó tan iná kì í ṣe ẹnì kan náà.

5. Simẹ́ńtì àti ṣúgà

Ní ilẹ̀ tiwa, ohun tí ó mú kí àwọn aṣètò ronú nípa agbára ńlá ni ilé-iṣẹ́ méjì tí Benin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní 1975. Ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ simẹ́ńtì Onigbolo, nítòsí Pobè, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà kan náà. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà lè sun háríhá ìrèké láti pèsè apá kan nínú agbára tí ó ń lò. Ti simẹ́ńtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń lọ òkúta ń jẹ iná púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Simẹ́ńtì tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àpò 20, ń gba nǹkan bí 100 kilowáàtì-wákàtí kí ó tó jáde. Ilé kan ní 1982 tí ó ní gílóòbù mẹ́ta oní-60 wáàtì, tí ó ń tàn wọ́n fún wákàtí 5 lálẹ́, ń lo kò tó kilowáàtì-wákàtí kan lóòjọ́. Nítorí náà, iná àpò simẹ́ńtì 20 tó ilé yẹn lò fún ọjọ́ 110, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù lóòjọ́ ń ra iná ju ìlú kékeré kan lọ, ìwé owó kan ṣoṣo ni a ó sì kọ fún un lóṣù. Abúlé tí ó ní ilé 300 nílò òpó, wáyà, tíránsífọ́mà, mítà 300 àti ìwé owó 300, owó tí yóò sì san kò pọ̀. Ẹni tí ó bá fi owó nìkan ṣe ìwọ̀n, ilé-iṣẹ́ ni yóò yàn. Kò nílò láti kórìíra abúlé.

Èyí ni ó fà á tí Onigbolo fi wà lára àwọn ibùdó wáyà ńlá CEB lónìí. Abúlé ni Onigbolo nínú ìtàn. Nínú àwòrán wáyà, ó ti di ojú ọ̀nà tí ohun gbogbo ń gbà lọ sí òkè.

6. Láti ìlà oòrùn: epo ṣáájú, wáyà lẹ́yìn

Nàìjíríà ń pèsè iná láti Kainji láti 1968, ọdún kan náà tí a dá CEB sílẹ̀. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sí wáyà ńlá tí ó so ó mọ́ Benin. Àwọn ará Kétu àti Pobè kò dúró de wáyà. Agbára Nàìjíríà dé ọ̀dọ̀ wọn nínú bídọ̀ọ̀nù, lórí alùpùpù, ní ọ̀nà igbó: kpayo ni. Epo yìí ni ó ń yí jẹnẹrétọ̀, tí àwa ń pè ní gúrúùpù, ní ilé ọtí, ní ilé ìwòsàn kékeré, àti ní ìsọ̀ aránṣọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn iná ní ilẹ̀ Kétu tí kò mẹ́nu kan kpayo, ìdajì ìtàn ni ó kọ. Òun ni iná abúlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wọ́n ju iná wáyà lọ bí a bá fi kilowáàtì-wákàtí wọ̀n ọ́n, ó sì ń jó ilé àti ènìyàn nígbà mìíràn.

Ní 2007 ni wáyà dé. Àjọ CEDEAO ti ń gbèrò láti so iná Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀. Wáyà oní-330,000 fóòtì ti Ikeja West, ní ẹ̀bá Èkó, wá sí Sakété. Ní Sakété, ibùdó ńlá kan sọ fóòtì náà kalẹ̀ sí 161,000, kí ó lè wọ inú wáyà CEB. Láti ìgbà náà, ìlú Yorùbá kékeré kan ni ẹnu ọ̀nà tí iná Nàìjíríà ń gbà wọ Benin àti Tógò. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n na wáyà oní-161,000 fóòtì láti Onigbolo lọ sí Parakou. Ẹni tí ó bá wo máàpù yóò rí i pé láti Onigbolo dé Parakou, ilẹ̀ Kétu àti ti Ṣábẹ̀ ni a ó là kọjá. Parakou, tí ó ti ń gbé pẹ̀lú ẹ̀rọ díísù, rí ìtura. Ilẹ̀ tí wáyà là kọjá rí òpó irin.

7. Ìdí tí abúlé abẹ́ wáyà fi lè wà nínú òkùnkùn

Àwọn ènìyàn máa ń bèèrè pé: wáyà náà nìyí lókè orí wa, kí ni ó dé tí a kò lè fa tiwa jáde nínú rẹ̀? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ó sì yẹ kí á dáhùn rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bò ó.

Iná tí ń gba ọ̀nà jíjìn máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, nítorí pé wáyà máa ń gbóná. Bí a bá ń gbé iye agbára kan náà, tí a sì sọ fóòtì di ìlọ́po méjì, ohun tí ó ń ṣòfò yóò dín kù sí ìdá mẹ́rin. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé iná ní 161,000 tàbí 330,000 fóòtì. Gílóòbù inú ilé sì ń fẹ́ 220 péré. Láti sọ 161,000 kalẹ̀, a ní láti kọ́ ibùdó ńlá pẹ̀lú tíránsífọ́mà, ẹ̀rọ ìdáàbòbò àti òṣìṣẹ́. Láti ibùdó yẹn, wáyà tí ó kéré sí i, bíi ti 20,000 fóòtì, yóò gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ sí ìlú àti abúlé. Níbẹ̀, tíránsífọ́mà kékeré orí òpó yóò sọ ọ́ di 220. Lẹ́yìn náà ni mítà, lẹ́yìn mítà ni gílóòbù.

Nítorí náà, ohun tí ó pinnu bóyá abúlé yóò ní iná ni ibi tí ibùdó wà àti ibi tí wáyà kékeré dé. Bí wáyà ńlá ṣe súnmọ́ ọn tó kò kàn án. Abúlé tí ó wà ní kìlómítà 2 sí wáyà ńlá lè wà ní kìlómítà 40 sí iná. Wáyà ńlá dà bí ọkọ̀ òfurufú tí ń gba orí ìlú kọjá: bí pápákọ̀ kò bá sí, kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ènìyàn ni ó ń yan ibi tí ibùdó yóò wà. Sakété ní ibùdó nítorí pé ibẹ̀ ni wáyà Nàìjíríà wọlé. Onigbolo ní tirẹ̀ nítorí simẹ́ńtì. Ìpinnu méjèèjì mọ́gbọ́n dání. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún onítàn ni pé kò sí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbéèrè pé mélòó ni àwọn ilé tí ń bẹ ní agbègbè, àti pé kí ni wọ́n ń ṣe lálẹ́.

8. Láti 2004: abúlé ní orúkọ nínú ìwé

Ní 2003, ìjọba méjèèjì tún àdéhùn 1968 ṣe. Ẹ̀tọ́ láti pèsè iná kò tún jẹ́ ti CEB nìkan mọ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Benin dá ABERME sílẹ̀, àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú iná dé ìgbèríko. Ọdún 36 ni ó wà láàárín 1968 àti 2004. Ẹni tí a bí nígbà tí a fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́ ti lè ní ọmọ tí ó ń múra ìdánwò BEPC lábẹ́ àtùpà kí àjọ kan tó wà tí abúlé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìyípadà ti yára. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, Benin àti àjọ MCC ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 375 dọ́là. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ó sì parí ní 2023. Púpọ̀ nínú owó náà lọ sí àtúnṣe wáyà tí ń pín iná, pàápàá ní Kútọnu àti àwọn ìlú ńlá mìíràn. Ní 2019, ilé ìpèsè iná Maria-Gléta, oní-mẹ́gáwáàtì 127, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítòsí Calavi. Ní oṣù keje 2022, ilé ìpèsè iná oòrùn ńlá àkọ́kọ́ ní Benin ṣí ní Illoulofin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Pobè. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25. Etí Yorùbá máa ń gbọ́ “Ìlú Olófin” nínú orúkọ abúlé náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ilẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá nìkan. Ó ń pèsè iná fúnra rẹ̀.

Kí á má ṣe ju ọ̀rọ̀ yìí lọ, iná Illoulofin wọ inú wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè bíi ti Nangbéto. Kò sí òfin ẹ̀rọ tàbí òfin ìjọba tí ó ní kí abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ. Oòrùn sì máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje, ní wákàtí náà gan-an tí ilé ń tan gílóòbù. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ fún orílẹ̀-èdè. Àǹfààní rẹ̀ fún abúlé wà lọ́wọ́ wáyà kékeré, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo èyí tí ó ṣáájú.

9. Ọ̀rọ̀ Dogo

Ìdí tí ìtàn yìí fi ṣe pàtàkì lónìí ni odò Ouémé. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbèrò láti sé odò náà ní Dogo, ní apá Kétu, lẹ́bàá igbó ìjọba tí a mọ̀ sí Dogo-Kétou. Agbára tí àwọn ètò ń dárúkọ fún un ju mẹ́gáwáàtì 100 lọ, ìyẹn ju ti Nangbéto lọ dáadáa. Wọn kò tíì kọ́ ọ. Bí wọ́n bá kọ́ ọ, adágún yóò bo ilẹ̀ oko àti abúlé, àwọn tí yóò sì kó kúrò yóò jẹ́ ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ àti àwọn aládùúgbò wọn.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ. Orílẹ̀-èdè tí ọ̀dá Volta ti mú sínú òkùnkùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún 25 ní ìdí láti wá omi tirẹ̀, agbègbè tí ènìyàn rẹ̀ ń pọ̀ bí ti Plateau sì nílò iná púpọ̀ ju ti òní lọ. Àwọn kan yóò tún sọ pé iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ ní òkè kí a tó lè pín in ní ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni: a kì í pín ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n ìtàn 1972, ti 1987 àti ti 2007 fi hàn pé iná lè pọ̀ ní òkè fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìdé ìsàlẹ̀, bí ètò ìsàlẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kan náà. Ìsédò kì í bí wáyà kékeré. A ní láti kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀ sí i.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn ará ilẹ̀ náà ti mọ ìdáhùn sí kí ẹ̀rọ tó wọ igbó. Ìbùdó tí yóò sọ fóòtì kalẹ̀, níbo ni yóò wà? Abúlé tí a bá kó kúrò, ṣé iná yóò wọ inú ilé tuntun wọn lọ́jọ́ kan náà tí iná bá jáde ní ìsédò? Bí iná bá kú, ta ni wọn yóò tọ̀ lọ, ọ́fíìsì rẹ̀ wà níbo, èdè wo ni wọn yóò sì fi bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yẹn kàn wá ní ẹ̀ka wa. Àdéhùn 1968, ìwé Nangbéto, ìwé ABERME: Faransé ni a fi kọ wọ́n. Bí ìwé Dogo bá jáde ní Faransé nìkan, àgbàlagbà tí yóò fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kò ní mọ̀ ju ohun tí ẹlòmíràn bá sọ fún un lọ. Yóò ní “wọ́n ní kí a kó kúrò,” yóò sì jẹ́ òótọ́. Àwa ni a ní ìmọ̀ láti fi Yorùbá tí ó yé ará Kétu àti ará Ṣábẹ̀ kọ ohun tí ibùdó jẹ́, ohun tí owó gbà-máà-bínú jẹ́, àti ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tí a fẹ́ kó kúrò. Iṣẹ́ yẹn kò gba mẹ́gáwáàtì kankan. Ó gba kí á ti kọ́ ọ parí kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó wáyé ní Dogo.